Bí A Ṣe Ń Yan Ṣáásì àti Ẹ́ńjìnnì tó Bára Mu fún Ọkọ̀ Ìdíje Ẹni tí Kì í Fi Ìdíje Jẹun

Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ rà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan pé òun ti rí ẹ́ńjìnnì lítà 2 onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì) lọ́wọ́ ẹni tó ń tú ọkọ̀ tà ní páàtìpáàtì, pé owó rẹ̀ kò sì ga. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti sanwó. Ìgbà òtútù méjì gbáko ni ẹ́ńjìnnì náà fi wà lábẹ́ tapólì ní ẹ̀yìnkùlé mi, nítorí pé ṣáásì, ìyẹn egungun ọkọ̀, tí mo wá rí rà lẹ́yìn náà kò gbà á, ẹ̀ka ìdíje tí mo fẹ́ wọ̀ kò sì fàyè gba tọ́bò rárá. Nígbà tí mo tà á, n kò rí ìdajì owó mi gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Òfin ẹ̀ka ìdíje ló ń yan ṣáásì, ṣáásì ló ń yan ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yan gíábọ́ọ̀sì, dífù (ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì), rédíétọ̀ àti bíréèkì. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ yóò san owó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń díje, àpẹẹrẹ ibẹ̀ ni mo sì máa lò, nítorí pé ibẹ̀ wà lára ibi tí ẹni tó ń gba owó oṣù ti lè wọ pápá ìdíje láì ní olówó kankan lẹ́yìn. Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ níbikíbi tí táyà bá ti ń tẹ ọ̀dà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìwé òfin kí ẹ tó wo ọkọ̀

Motorsport UK ni àjọ tó ń ṣàkóso ìdíje ọkọ̀ níbẹ̀, ìwé òfin wọn ọdọọdún ni gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí Blue Book fún ìgbà pípẹ́. Òun ló sọ ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nípa ààbò: àgò irin tó yí awakọ̀ ká, ìjókòó, bẹ́líìtì, ohun ìpaná, àti bọ́tìnnì tí ẹni tó wà níta lè fi pa iná mànàmáná ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje yóò gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. 750 Motor Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 fún àwọn tó ń lo Austin Seven, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré àtijọ́ kan, jẹ́ ọ̀kan lára irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka olówó pọ́ọ́kú ló sì mọ́ wọn lọ́wọ́ jù lọ.

Nínú ìwé òfin ẹ̀ka, ohun mẹ́rin ni kí ẹ fi bírò fà lábẹ́: ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbà àti ohun tí ẹ lè yí padà lára rẹ̀; táyà tí wọ́n fọwọ́ sí; apá ṣáásì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé tàbí kí ó jó mọ́ nǹkan; àti ìwúwo tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Àwọn ẹ̀ka kan ń wọn ọkọ̀ nìkan, àwọn mìíràn ń wọn ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀. Èmi tí iyán ti fi ara mi ṣe ilé, tí mo wọn kìlógírààmù 98 pẹ̀lú akoto àti aṣọ ìdíje, ẹ̀ka kejì ni mo ń wá, torí pé níbẹ̀ ni ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ti fi òjé kún ọkọ̀ rẹ̀ kí àwa méjèèjì tó dọ́gba.

Ẹ má ṣe wá ẹ̀ka tó yára jù. Ẹ wá ẹ̀ka tí ọkọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ ọgbọ̀n ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ ti máa rí páàtì àlòkù rà, tí ẹ ó sì rí ẹni tó ti ba ẹ́ńjìnnì bíi tiyín jẹ́ rí tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sí pápá ìdíje kan ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ rìn láàrin àwọn ọkọ̀ tó wà ní ibùdó, kí ẹ sì bi àwọn tó ni wọ́n léèrè pé kí ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Wọ́n á dá yín lóhùn. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ olùdíje tó ìròyìn ohun tó bà á lọ́kọ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣáásì

Oríṣi ṣáásì méjì ni owó kékeré lè ká. Èkíní ni ọkọ̀ tí ara rẹ̀ gan-an jẹ́ ṣáásì, ìyẹn ọkọ̀ ìgboro tí a tú inú rẹ̀ dànù. Èkejì ni ṣáásì onípáìpù, tí àwọn jórinjórin fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ bí àgò adìyẹ, tí a wá fi páànù aluminíọ́ọ̀mù bò.

Nínú àwọn ọkọ̀ ìgboro, Mazda MX-5 tó jáde ní 1989 ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá bi mí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń fà á, apá méjì ni wọ́n fi di táyà kọ̀ọ̀kan mú, òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, àyè láàrin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò sì ju mítà 2.27 lọ. Irin aluminíọ́ọ̀mù gígùn kan so gíábọ́ọ̀sì mọ́ dífù, èyí tó mú kí ẹsẹ̀ yín lórí pẹ́dà àti táyà ẹ̀yìn máa gbọ́ ara wọn láìsí ìfàsẹ́yìn. Àrùn rẹ̀ ni ìpẹtà. Ẹ fi ìka tẹ etí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, níbi tí omi òjò máa ń dá dúró sí. Bí ó bá dún kùúkùú lábẹ́ ọ̀dà, tàbí tí ọ̀dà ibẹ̀ lé roro, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. A kì í jó ẹsẹ̀ àgò irin mọ́ irin tó ti jẹrà.

Citroën C1 kéré sí i lówó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísìlíńdà mẹ́ta, agbára ẹṣin 68 péré ló ní, síbẹ̀ wọ́n ń fi í díje fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan láti yàn níbẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, àfi pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ìwakọ̀ ju kí ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ kò ní kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣáásì onípáìpù ní ìtàn tó gùn. Colin Chapman, ẹni tó dá Lotus sílẹ̀, gbé ọkọ̀ Lotus Seven jáde ní 1957, ilé iṣẹ́ Caterham gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1973, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Láti ara rẹ̀ ni Locost ti wá, ọkọ̀ tí ẹni tó ní gáréèjì kékeré àti ẹ̀rọ ìjórin lè fi irin onígun mẹ́rin ṣe fúnra rẹ̀, tí 750 Motor Club sì ní ẹ̀ka fún, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Ford 1300 (ìyẹn lítà 1.3) àtijọ́ àti ásùlù ẹ̀yìn Escort. Ẹ̀ka Formula Ford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìdíje Brands Hatch ní 1967, tún jẹ́ ilé ṣáásì onípáìpù: ìjókòó kan, táyà tí kò sí ìbòrí lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Ford 1600 lẹ́yìn awakọ̀, kò sì sí ìyẹ́ kankan tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ń yẹ ṣáásì onípáìpù wò, ẹ gbé e sórí sìtáńdì mẹ́rin lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sì fi téèpù wọn ọn láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, lẹ́yìn náà láti òsì dé ọ̀tún. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ yàtọ̀ síra, ọkọ̀ náà ti kọ lu nǹkan rí, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí àwọn apá táyà ti so mọ́ ṣáásì: ìlà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó dà bí irun, tí àwọ̀ ìpẹtà yọ lẹ́bàá rẹ̀, irin tó ti ń ya nìyẹn.

Ní ti àgò irin, ìwọ̀n tí FIA, àjọ ìdíje ọkọ̀ àgbáyé, gbé kalẹ̀ fún ọ̀pá ńlá tó wà lẹ́yìn awakọ̀ ni páìpù tí kò ní ojú ìjórin, tó fẹ̀ ní mílímítà 45 tó sì nípọn ní 2.5, tàbí 50 tó nípọn ní 2.0, fún àwọn yòókù, 38 pẹ̀lú 2.5, tàbí 40 pẹ̀lú 2.0. Bí ṣáásì tí ẹ fẹ́ rà bá ní àgò tí kò tó ìwọ̀n yìí, iye tí ẹ máa fi ṣe òmíràn ni kí ẹ yọ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ́ńjìnnì tó yẹ ṣáásì náà

Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dùn bíi kó yẹni. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì oníẹṣin 200 tí ó sọ ọkọ̀ rere di ohun tí kì í fẹ́ yà, mo sì ti rí oníẹṣin 90 tó ń fi wọ́n sílẹ̀ lójú kọ́nà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò agbára pẹ̀lú ìwúwo. Ká ní MX-5 kan wọn kìlógírààmù 960, awakọ̀ wọn 80, agbára ẹṣin sì jẹ́ 115: ẹṣin 110 ó lé díẹ̀ ló bọ́ sórí tọ́ọ̀nù kan. Ká ní Locost kan wọn 550, awakọ̀ kan náà wọ inú rẹ̀, agbára ẹṣin sì jẹ́ 90: ó di ẹṣin 143 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ́ńjìnnì tó kéré ló gbé ọkọ̀ tó yára. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ẹṣin kún ẹṣin, ẹ wá ohun tí ẹ lè jù dànù lára ọkọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì ni bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti wá. Èyí tó dùbúlẹ̀ ní ìbú nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà á máa ń rọrùn láti gbé sẹ́yìn awakọ̀ pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ lódindi. Èyí tó dúró ní òró ni ó bá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú tí táyà ẹ̀yìn ń fà á mu. Toyota 4A-GE wúlò fún ọ̀nà méjèèjì, nítorí pé wọ́n gbé e ní òró sínú Corolla AE86 àti ní ìbú sẹ́yìn awakọ̀ nínú MR2, páàtì ìhà méjèèjì sì wà láti ilé iṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ẹ́ńjìnnì Honda àtijọ́ bíi B16: ìhà òdì ni kráńkì wọn, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, ń yí sí bí a bá fi wọ́n wé ti àwọn yòókù, bí ẹ bá sì so irú rẹ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń fà, gíà kan ṣoṣo ni ẹ ó fi máa lọ síwájú, ẹ ó sì ní márùn-ún fún ẹ̀yìn. Honda ti yí èyí padà nínú ẹ̀yà K, ìyẹn ló jẹ́ kí K20 rọrùn láti lò káàkiri.

Ìbéèrè kejì ni ìwúwo rẹ̀ àti ibi tí ìwúwo náà máa jókòó sí. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì bá wọn kìlógírààmù 150, tí ẹ sì sún wọn sẹ́yìn ní sẹ̀ńtímítà 15 nínú ọkọ̀ tí àyè láàrin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.25, ẹ fi 0.15 lu 150 kí ẹ sì fi 2.25 pín in: kìlógírààmù 10 ló kúrò lórí táyà iwájú bọ́ sórí ti ẹ̀yìn. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ọwọ́ máa mọ̀ lára sítíárìn ni. Gíga rẹ̀ náà ṣe kókó. Ẹ́ńjìnnì tó ga máa ń mú kí ọkọ̀ gbé ìwúwo rẹ̀ sórí táyà ìta nígbà tó bá ń yà, táyà inú á wá máa fọwọ́ pa ilẹ̀ lásán. Ẹ́ńjìnnì onírin àtijọ́ àti ti aluminíọ́ọ̀mù tó jọ ara wọn ní ìwọ̀n lítà lè fi ọgbọ̀n kìlógírààmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n kí ẹ tó gba ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ.

Ìbéèrè kẹta ni ti ọ́ìlì, ibẹ̀ sì ni mo ti jìyà jù. Ní Mallory Park, kọ́nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Gerards, kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún tó gùn débi pé èèyàn á rò pé kò ní parí mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ fi ń yà níbẹ̀, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọ́n rẹ̀, bí ẹnu ọ̀pá tó ń fa ọ́ìlì bá sì wà ní ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Iná ọ́ìlì mi tàn yẹ́ríyẹ́rí lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Mo ní wáyà ló ń ṣe é. Nígbà tí mo tú ọpọ́n ọ́ìlì sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ́ìlì náà ń dán bí ẹni pé wọ́n bu lúlúù sí i. Mo yọ bẹ́ẹ̀rìn kráńkì kejì, mo gbé e síwájú iná: àwọ̀ eérú tó yẹ kó wà lójú rẹ̀ ti họ kúrò láàrin, bàbà pupa ló kù, ìlà gbọọrọ kan sì wà nínú rẹ̀ tí èékánná mi ń kọ́. Ìró nọ́ọ̀kì kò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ti kú. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ẹ́ńjìnnì kankan wọ pápá láìjẹ́ pé irin ìdènà wà nínú ọpọ́n ọ́ìlì rẹ̀, irú èyí tó ní ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé wá sídìí ọ̀pá ìfà tí kì í sì í jẹ́ kí ó padà jáde. Ẹni tó bá lówó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé ọ́ìlì kúrò nínú ọpọ́n pátápátá sínú táńkì ọ̀tọ̀; èyí á tún jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè jókòó sísàlẹ̀ sí i.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì alùpùpù ni kí wọ́n fetí sí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí jù. Suzuki Hayabusa, tó jáde ní 1999 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1299, fúyẹ́, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, gíà rẹ̀ sì ń wọlé bí ẹni ń ṣẹ́ ìka. Ṣùgbọ́n alùpùpù máa ń fi ara tẹ̀ sínú kọ́nà, ọ́ìlì rẹ̀ á sì dúró sísàlẹ̀ ọpọ́n. Ọkọ̀ kì í fi ara tẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ́ìlì á sá. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà, ohun tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kìlógírààmù 215 kí epo tó wọ inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá fi gbé ọkọ̀ tó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ kúrò lójú kan, ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Kò tún ní gíà ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹ ó dojú kọ táyà tí wọ́n kó jọ sí etí pápá. Lójú tèmi, ẹ́ńjìnnì alùpùpù kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ti wáyà ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ́ńjìnnì òde òní kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu àfi ọpọlọ rẹ̀, èyí tí àwọn rìwáyà ń pè ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, ọpọlọ náà sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó ti wá. Bí ẹ bá ń ra ẹ́ńjìnnì, ẹ bèèrè fún gbogbo wáyà rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti pẹ́dà epo rẹ̀ bí ó bá jẹ́ èyí tó ń lo iná. Bí wọ́n bá ti gé wáyà rẹ̀ ní ẹ̀bá ògiri ẹ́ńjìnnì, ẹ tètè gbà pé ọpọlọ mìíràn tí a lè tò fúnra wa ni ẹ máa rà, kí ẹ sì fi iye rẹ̀ kún owó ẹ́ńjìnnì náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gíà àti dífù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rere ti ń sọ agbára wọn nù. Ẹ mú ìyípo ẹ́ńjìnnì níbi tí agbára rẹ̀ parí sí, kí ẹ fi iye gíà tó ga jù pín in, kí ẹ fi iye dífù pín in, kí ẹ wá fi àyíká táyà lu ohun tó kù; ẹ fi 60 lù ú, kí ẹ sì fi 1000 pín in, kó lè di kìlómítà ní wákàtí kan. Táyà 185/60 orí 13 ga ní mílímítà 552, àyíká rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.73. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 7000 láàrin ìṣẹ́jú kan, tí gíà kẹrin jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, tí dífù sì jẹ́ 4.1, ọkọ̀ náà á máa sáré nǹkan bíi kìlómítà 177 ní wákàtí kan. Bí dífù bá jẹ́ 3.54, ó di 205. Ẹni tó bá rí 205 yóò yọ̀, ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà kékeré ti Brands Hatch, tí àyíká rẹ̀ kò tó kìlómítà 2, ọkọ̀ oníẹṣin 90 kò lè dé 205 láéláé, nítorí náà ẹ ó máa wakọ̀ kiri pẹ̀lú gíà tó gùn jù, ẹ́ńjìnnì á sì máa mí ìmí ẹ̀dùn bó ṣe ń jáde láti inú kọ́nà. Ẹ yan dífù tó máa jẹ́ kí ẹ dé òpin ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìparí ibi tó gùn jù lọ ní pápá tí ẹ máa ń lò jù.

Fún MX-5, ẹ rántí pé dífù ti ẹ́ńjìnnì 1.6 àkọ́kọ́ kéré ju ti 1.8 tó wọlé ní 1994 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára kún 1.6 rẹ̀, dífù ńlá ni kí ó kọ́kọ́ wá, bí òfin ẹ̀ka bá gbà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi páálí ṣe ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó gé irin

Èyí ni iṣẹ́ olówó kékeré tó ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó ńlá. Ẹ lọ sí ibi tí irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń wò wà, kí ẹ fi téèpù wọn gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀, kí ẹ wọn láti àárín kráńkì dé ìsàlẹ̀ ọpọ́n ọ́ìlì, kí ẹ sì kọ ibi tí páìpù èéfín, ìjókòó ẹ́ńjìnnì àti sìtátà wà. Ẹ fi páálí líle àti gọ́ọ̀mù ṣe é nílé bó ṣe rí gan-an, kí ẹ sì gbé e sínú ṣáásì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ máa fi mọ ohun tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ni ì bá gbà yín. Ní tèmi, ọ̀pá sítíárìn gba àárín páìpù èéfín kejì kọjá. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì gidi ni, ǹ bá ti gé nǹkan kí n tó rí i.

Ẹ wo bí ọpọ́n ọ́ìlì ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kan etí pápá bí ọkọ̀ bá fò. Ẹ wo bóyá ọwọ́ yín lè dé àlẹ̀mọ́ ọ́ìlì láìyọ ohunkóhun. Ẹ wo ọ̀pá tó lọ láti gíábọ́ọ̀sì sí dífù: igun tó wà ní orí rẹ̀ àti èyí tó wà ní ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí wọ́n sì kọjú sí òdìkejì ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí eré bí ẹni ibà ń ṣe. Igun náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òdo pátápátá, torí pé bẹ́ẹ̀rìn inú ìsopọ̀ rẹ̀ nílò ìyípo díẹ̀ kí ó má bàa jẹ ojú kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ooru àti bíréèkì

Ooru tí bíréèkì ń gbà ń pọ̀ sí i ju bí eré ṣe ń pọ̀ sí i lọ. Bí ẹ́ńjìnnì tuntun bá gbé yín láti kìlómítà 160 ní wákàtí kan sí 190 kí ẹ tó tẹ bíréèkì, eré náà kò fi tó ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ooru tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbé fi ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà, owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù láìka pádì, omi bíréèkì àti páìpù afẹ́fẹ́ mọ́ ọn kì í ṣe owó pípé.

Ní ti rédíétọ̀, ọkọ̀ ìdíje kì í sinmi bíi ti ìgboro. Ẹ ra èyí tó nípọn ju ti àtilẹ̀wá lọ, kí ẹ sì fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó bá wọ imú ọkọ̀ má rí ọ̀nà mìíràn gbà àfi inú rẹ̀. Páànù tí kò tó ogún pọ́ùn yìí ti ṣe mí lóore ju fáànù olówó ńlá lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: rírà

Bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ gbìyànjú láti ra ọkọ̀ tó ti ń díje tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀ka náà, kí ẹ má ṣe kọ́ tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ wa tí a fẹ́ràn sípánà, ṣùgbọ́n owó tí ẹni tó kọ́ ọ ná sórí rẹ̀ kì í padà sí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń tà á. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹrù yẹn.

Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan ni ẹ ń rà, ẹ yọ pálọ́gì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo àwọ̀ wọn, kí ẹ sì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ga lọ. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí ohun funfun bí ọ̀rá bá wà lábẹ́ rẹ̀, omi lè ti ń bá ọ́ìlì pàdé, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sìlíńdà sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Fún MX-5 1.6 ti àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹ wo imú kráńkì níwájú: àwọn kan ní imú kúkúrú tí irin kékeré tó so púlì mọ́ ọn máa ń jẹ ihò tirẹ̀ gbòòrò, púlì iwájú á sì máa mì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ẹ wo púlì náà fún ìṣẹ́jú kan. Bí etí rẹ̀ bá ń jó, ẹ má ra á ní iyekíye.

Ọjọ́ ìdánwò lẹ́yìn náà kì í ṣe ọjọ́ tí à ń wá eré. Ẹ wakọ̀ yí pápá ká lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ wọlé, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọwọ́ tó ní ìbọ̀wọ́ kan páìpù rédíétọ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀: ti òkè gbọ́dọ̀ gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ wo ọ́ìlì lórí ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn bóòtù ìjókòó ẹ́ńjìnnì, èyí tí ẹ ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí wọn láti orí nọ́ọ̀tì dé ara ṣáásì kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ìlà kan bá ti já sí méjì, nọ́ọ̀tì náà ti yí. Ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fún un padà, nítorí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ihò bóòtù ti fẹ̀ tàbí pé irin ìjókòó náà ti ń ya lábẹ́, níbi tí ojú kò dé.